Bàlúù ogun àtijọ́ àti tuntun olówó gọbọi: èwo ni Benin lè bọ́?

Láti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìbéèrè kan kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn ológun kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdìtẹ̀ náà ti fọ́. Ìjọba wa ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì pàṣẹ pé kí bàlúù ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ wọ òfuurufú Benin, kí wọ́n bá wa lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ kúrò ní ilé tẹlifíṣọ̀n àti ní bárékè tí wọ́n kó ara wọn jọ sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ti kúrò lára wa ni ìbéèrè dé: àwa ńkọ́? Kí ló dé tí Benin kò ní tirẹ̀?

Ibi tí àwọn ọlọ́kadà zemidjan ti ń dúró de èrò ni mo ti gbọ́ àríyànjiyàn náà jù. Àwọn ọ̀dọ́ á ṣí fóònù wọn, wọ́n á fi àwòrán Rafale ilẹ̀ Faransé hàn ọ́, wọ́n á fi ti F-35 ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e: "Bọ̀ọ̀dá, irú èyí ni kí wọ́n rà fún wa." Àwọn àgbà á ní kí ìjọba lọ wá èyí tí àwọn òyìnbó ti lò tì, bí a ṣe ń ra mọ́tò. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ní ìdí. Ta ni kò mọ tòkunbọ̀ ní Benin? Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ̀ àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba ẹnubodè wọ Nàìjíríà. Peugeot tó dàgbà ju awakọ̀ rẹ̀ lọ ṣì ń kó iṣu wá sí ọjà wa.

Iye tí wọ́n ń ta bàlúù ni tọmọdé tàgbà ń wò. Èmi ń wo ohun tó ń jẹ lẹ́yìn tí a bá ti rà á. Ẹni tó ra ẹṣin ti ra koríko, ó ti ra olùtọ́jú, ó ti ra ìjánu, yálà ẹṣin náà jẹ́ ọmọ ọdún méjì tàbí ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàlúù ogun rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ orí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bàlúù B-52 ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fò lọ́dún 1952. Ọdún 1962 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn. Nǹkan bí 76 ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, Amẹ́ríkà sì fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí wọn kí wọ́n lè máa fò títí di àwọn ọdún 2050. Bàlúù tí bàbá àgbà wà, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè wà á. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ ni pé B-52 kì í yí bìrí lójú ọ̀run. Ó ń gbé bọ́ǹbù lọ sí ọ̀nà jíjìn ni, ó ń lọ tààrà bí ọkọ̀ akérò tó mú títì ọlọ́dà.

Àwọn bàlúù kékeré tí wọ́n ń bá ara wọn jà lókè ló ń jìyà. Bí irú wọn bá ṣẹ́rí lójijì láti sá fún ọ̀tá, ìwúwo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Awakọ̀ tó wọn kílò 80 á di kílò 720 lórí ìjókòó rẹ̀. Ìyà yẹn kan náà ni irin bàlúù ń jẹ. Mú wáyà kan, ká a sọ́tùn-ún, ká a sósì. Kò ní ṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó lè má ṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ṣùgbọ́n yóò ṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń ka wákàtí tí bàlúù ti fò àti bí ó ṣe fò wọ́n, kí wọ́n tó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é.

Lọ́jọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2007, F-15C ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ń ṣe ìdánrawò lókè ìpínlẹ̀ Missouri nígbà tó já sí méjì nínú afẹ́fẹ́. Iwájú rẹ̀, níbi tí awakọ̀ jókòó sí, ya kúrò lára ìyókù. Awakọ̀ náà fi páráṣúùtì balẹ̀. Ó farapa, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà tí wọ́n yẹ àfọ́kù wò, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá irin tó gbé iwájú bàlúù náà ró ló ti sán. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ní nǹkan bí ọdún 25 ṣáájú, ni wọ́n ti ṣe ọ̀pá yẹn fẹ́lẹ́ ju bí ìwé àwòrán ṣe là á sílẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni àléébù náà fi ń dàgbà nínú irin, tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Amẹ́ríkà dá àwọn F-15 rẹ̀ dúró nílẹ̀, wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú irin, wọ́n ní àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, wọ́n sì ní ìwé ìtàn bàlúù kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá ra irú bàlúù bẹ́ẹ̀ ní àlòkù ra àléébù tí kò hàn sójú. Bí kò bá ra ẹ̀rọ àti òye tí wọ́n fi ń wá a rí, awakọ̀ rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ wá a rí.

Íńdíà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Arúgbó ṣoge rí: nígbà tí MiG-21 ilẹ̀ Rọ́ṣíà dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún 1963, kò sí bàlúù tó yá tó o nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n tó dágbére fún un, lẹ́yìn ọdún 62. Láàárín ìgbà náà ó já lulẹ̀ títí àwọn ará Íńdíà fi sọ ọ́ ní pósí tó ń fò. Wọn kò fi í sílẹ̀ tipẹ́ nítorí pé Tejas, bàlúù tí wọ́n ń ṣe nílé láti fi rọ́pò rẹ̀, pẹ́ kó tó dé, tí ó sì tún ń pẹ́ sí i. Àwọn ìdílé awakọ̀ ló san owó ìdádúró yẹn, ó sì ń dùn mí bí mo bá ń kà nípa wọn.

Ti irin nìyẹn. Èyí tó tún ń pa bàlúù àtijọ́ ni piyẹ́ẹ̀sì, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní páàtì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe bàlúù lè ti palẹ̀ mọ́, àwọn tó mọ ọnà rẹ̀ lè ti fẹ̀yìn tì, tàbí kí ẹni tó tà á máà fẹ́ rí ojú ẹ mọ́. Ìráànì ti gba F-14 mọ́kàndínlọ́gọ́rin (79) lọ́wọ́ Amẹ́ríkà kí ọba wọn tó ṣubú lọ́dún 1979. Láti ìgbà náà Amẹ́ríkà kò ta páàtì F-14 fún wọn ní gbangba mọ́. Wọ́n ń tú ẹ̀yà ara bàlúù kan láti fi wo òmíràn sàn, bí mẹkáníìkì ṣe ń tú mọ́tò tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì fẹ̀yìn F-14 tì lọ́dún 2006, ńṣe ló ní kí wọ́n gún ọ̀pọ̀ nínú wọn wẹ́wẹ́, kí piyẹ́ẹ̀sì kan má bàa gba ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ Ìráànì.

Má rò pé tuntun bọ́ lọ́wọ́ èyí. Nàìjíríà ra bàlúù ogun Jaguar 18 lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1980. Wọn kò tíì darúgbó rárá nígbà tí owó ìtọ́jú tán, tí wọ́n sì gbé wọn jókòó.

Àwa ọmọ Kétu ló yẹ kó yára yé. Ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà ṣì dúró títí dòní, àlejò ń wá wò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Glele láti Dàhòmì dó ti ìlú yìí títí ó fi ṣubú lọ́dún 1886, wọn kò wó odi. Oúnjẹ ló tán nínú ìlú. Ebi lé àwọn olórí ogun wa jáde lọ sọ̀rọ̀ àdéhùn, ọ̀tá sì mú wọn níbẹ̀. Odi wà, yàrà wà, ìlẹ̀kùn wà. Oúnjẹ ni kò sí.

Kí wá ni owó gọbọi ń rà lára bàlúù tuntun? Ojú ló kọ́kọ́ ń rà. Rédà ń ju ìgbì sójú ọ̀run, bí ìgbì náà bá kan nǹkan yóò padà wá, rédà á sì mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n gé ara F-35 ní igun-igun, wọ́n kùn ún, wọ́n sì kó ohun ìjà rẹ̀ sínú ikùn, kí ìgbì yẹn lè gba ibòmíràn lọ dípò kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Òun fúnra rẹ̀ ń rí ọ̀nà jíjìn, ó sì ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí F-7Ni tí Nàìjíríà rà lọ́dọ̀ Ṣáínà, èyí tí wọ́n ṣe ní àwòṣe MiG-21, bá pàdé rẹ̀, awakọ̀ F-7 lè kú láì rí ẹni tó pa á. Èmi kò ní fojú kéré èyí. Bí ọ̀tá bá ní irú rẹ̀ tí ìwọ kò ní, ìgboyà kò tó.

Ẹ wá wo iye rẹ̀. F-35 kan ń lọ fún ohun tó ju mílíọ̀nù 80 dọ́là lọ. Owó ọjọ́ ọjà nìyẹn. Àwọn olùṣírò owó fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2024 pé ìtọ́jú gbogbo F-35 tí orílẹ̀-èdè náà fẹ́ rà, títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì, yóò ná wọn ju tirílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là lọ. Bẹ́ẹ̀ náà, lóṣù Kẹta ọdún 2023, nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún F-35 wọn ló wà ní ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́. Ìyókù ń dúró de páàtì tàbí mẹkáníìkì. Bí ebi bá lè pa bàlúù lágbàlá olówó báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lágbàlá tiwa?

Kánádà náà kọsẹ̀. Bàlúù CF-18 wọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1982, wọ́n sì pinnu lọ́dún 2023 pé àwọn á fi F-35 88 rọ́pò wọn, ní bílíọ̀nù 19 dọ́là Kánádà. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni olùyẹ̀wò-ìwé-owó wọn jáde pé ó ti di bílíọ̀nù 27.7. Ní àwọn ọdún 1980, Norman Augustine, onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá di ọ̀gá ilé iṣẹ́ Lockheed Martin, ṣírò pé bí owó bàlúù bá ń gòkè bó ṣe ń gòkè nígbà náà, tó bá di ọdún 2054 gbogbo owó tí Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún ogun kò ní ra ju bàlúù kan ṣoṣo lọ.

Mo fi Rafale tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn ṣe ìṣirò ní owó tiwa. Íńdíà ra 36 lọ́dún 2016 ní bílíọ̀nù 7.87 yúrò, pẹ̀lú ohun ìjà, páàtì àti ìtọ́jú ọdún mélòó kan. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, iye tí kì í yí. Rafale kan nínú ọjà yẹn jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 143 sẹ́fà. Ìṣúná owó gbogbo orílẹ̀-èdè Benin fún ọdún 2025 jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 3,550 sẹ́fà: ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ojú ọ̀nà, owó oṣù, gbogbo rẹ̀. Bí a bá kó o lé orí Rafale pátápátá, kò ní tó 25.

Ìjánu tún wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ta ẹṣin ló sì wà. Tọ́kì ti san owó sínú iṣẹ́ F-35, wọ́n ń ṣe lára páàtì rẹ̀ nílé wọn. Nígbà tí wọ́n gba ohun ìjà S-400 tí wọ́n rà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà lọ́dún 2019, Amẹ́ríkà lé wọn jáde nínú iṣẹ́ náà. Nàìjíríà fẹ́ ra hẹlikọ́pítà Cobra ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì lọ́dún 2014, nígbà tí ogun Boko Haram le jù. Amẹ́ríkà ní rárá.

Ohun tí Nàìjíríà ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Lọ́jọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn agbébọn yìnbọn lu Alpha Jet wọn kan ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Nàìjíríà ti ń lo irú bàlúù náà. Awakọ̀ rẹ̀, Abayọ̀mí Dáírò, ta ara rẹ̀ jáde kí ó tó já. Ó sá pamọ́ títí oòrùn fi wọ̀, ó fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ wá ọ̀nà, ó sì rìn dé ibi tí àwọn ọmọ ogun wà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 22 oṣù yẹn, bàlúù Super Tucano mẹ́fà àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Kano. Méjìlá ni wọ́n rà, nǹkan bí ìdajì bílíọ̀nù dọ́là ni gbogbo ọjà náà, pẹ̀lú ohun ìjà, ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, páàtì àti ilé ìtọ́jú tí wọ́n kọ́ sí Káínjí, ní ilẹ̀ Borgu tí àwa àti wọn jọ pín.

Bàlúù onífáànù ni Super Tucano. Ọmọ kékeré tó bá rí i lè rò pé ó ti pẹ́ ju Alpha Jet lọ. Kò yára, ṣùgbọ́n nínú ogun tí ọ̀tá ń gun ọ̀kadà gba inú igbó, ẹni tó yára jù á kọjá kó tó rí nǹkan. Ó lè pẹ́ lókè, ó lè máa wo ilẹ̀ lóru, epo rẹ̀ kéré, pápákọ̀ tí kò dára tó lè gbà á. F-35 kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn ní iye tí òun ń ṣe é. Ohun tó wù mí jù nínú ọjà náà ni pé wọ́n ra oúnjẹ bàlúù pọ̀ mọ́ bàlúù.

Ilé ìtọ́jú ẹ̀wẹ̀ kì í sábà wà nítòsí. Ní ọjọ́ kejì ìdìtẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an, bàlúù akẹ́rù C-130 Nàìjíríà kan tó ń lọ sí Pọ́túgà fún ìtọ́jú ní ìṣòro lójú ọ̀nà, ó sì balẹ̀ ní Bobo-Dioulasso, ní Burkina Faso. Ológun 11 ló wà nínú rẹ̀. Burkina àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́n wọ òfuurufú àwọn láìgba àṣẹ, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ wọn. Bàlúù tó ń lọ rí dókítà ló fa gbogbo èyí.

Ti Benin wá dà? Àríwá ni ogun àwa àti àwọn agbésùnmọ̀mí wà, ní Alibori àti Atacora, nínú igbó ọba W àti Pendjari. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni a pàdánù ọmọ ogun 54 níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ ẹni ni wọ́n, àwọn kan nínú wa sì mọ ìdílé tí ẹkún wọ̀. Àwọn tó pa wọ́n kò ní bàlúù, wọn kò ní rédà. Ohun tí ìbá wúlò fún àwọn 54 yẹn ni ojú tó wà lókè kí ọ̀tá tó dé, àti hẹlikọ́pítà tó lè gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára rẹ̀. Dúrónù Bayraktar ilẹ̀ Tọ́kì ni Niger, Burkina àti Mali rà fún iṣẹ́ ojú yìí, nítorí ó rọ̀jú gan-an ju bàlúù tí ènìyàn ń wà lọ.

Ṣùgbọ́n dúrónù kò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, dúrónù ológun ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn ará abúlé tó ń ṣe ayẹyẹ Mọ́lúdì. Ó kéré tán, ènìyàn 85 ló kú. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìròyìn tó gbé e lọ síbẹ̀ ni kò tọ́. Ẹni tó gbọ́ èdè abúlé, tí àwọn ará abúlé sì fọkàn tán, wà lára ohun tí bàlúù ń jẹ, mo sì fẹ́ kí a kà á mọ́ ọn.

Àwọn tó dàgbà láàárín wa á rántí ọjọ́ Àìkú mìíràn, ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1977. DC-7 kan, bàlúù onífáànù àtijọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé èrò ti ń pa tì nígbà náà, gbé Bob Denard àti àwọn jagunjagun àgbàṣe rẹ̀ balẹ̀ ní pápákọ̀ Kútọnu láàárọ̀ kùtù láti wá lé Ààrẹ ìgbà náà, Kérékou, lọ. Wọn kò rí i ṣe. Bàlúù wọn kò yára, kò lè fi ara pamọ́ fún rédà, síbẹ̀ ó gúnlẹ̀ láìsí ẹni tó dá a dúró, nítorí kò sí ẹni tó ń wo ọ̀run.

Nítorí náà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ zemidjan bi mí léèrè, mo ní kí a kọ́kọ́ ra ojú, kí a ra hẹlikọ́pítà tí a lè tọ́jú, kí a rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì bàlúù kí a tó ronú bàlúù onífáànù kéékèèké bíi ti Nàìjíríà. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìṣúná tó ń bọ̀ wá sí Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́, tí owó bàlúù èyíkéyìí bá wà nínú rẹ̀, tuntun ni o, àlòkù ni o, mo bẹ àwọn aṣojú wa láti Plateau àti láti Ṣábẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n ṣí ojú-ìwé owó epo, owó páàtì àti owó oṣù àwọn mẹkáníìkì ṣáájú. Bí ojú-ìwé yẹn kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n dá ìwé náà padà sí Kútọnu.